Ẹyẹ Tí Ń Kan Fèrèsé ní Ẹsẹ̀ Òkè Ìdáàṣà

Ẹni tí ó bá gbéra ní Kùtọnú, tí ó kọjú sí àríwá, yóò rin nǹkan bíi kìlómítà 200 kí ó tó dé Ìdáàṣà, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè. Lẹ́yìn tí a bá ti kọjá Bohicon, ilẹ̀ ṣì tẹ́ bí ẹní, oko àgbàdo àti oko ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó bá yá, àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láàárín igbó, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n rí ribiti, wọ́n dúdú, bí ẹ̀yìn àwọn erin tí ó dùbúlẹ̀ sínú koríko. Òkè 41 ni àwọn ará ìlú ń kà, iye yìí sì ti di oríkì ìlú náà lẹ́nu àwọn tí ń sọ Faransé àti lẹ́nu àwa náà. Ní ìdí àwọn òkè wọ̀nyí ni títì ọlọ́dà ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Ṣábẹ̀ lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Djougou àti Natitingou. Ojú irin tí ó ti Kùtọnú lọ sí Parakou náà gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn àlejò tí ń wá síbẹ̀ sábà máa ń wá nítorí ohun méjì. Àwọn kan ń wá nítorí ihò àpáta Arigbo, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ìjọ Kátólíìkì ti ń péjọ ní oṣù kẹjọ ọdọọdún láti bu ọlá fún Màríà Wúńdíá. Àwọn mìíràn ń wá nítorí ìtàn: wọ́n fẹ́ gun òkè, kí wọ́n rí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Jàgún Ọlọ́fin jọba lé lórí, kí wọ́n rí pàlàpálá àpáta tí àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì ń wá kó ènìyàn lẹ́rú. Ìdí méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n ohun kẹta wà tí ó wà ní àgbàlá gbogbo ilé, tí kò sí ẹni tí ń gun ọkọ̀ nítorí rẹ̀: ẹyẹ. Kì í ṣe ẹyẹ inú igbó kìjikìji ni a ń wí. Ológoṣẹ́ orí páànù ni, ẹ̀ga orí ọ̀pẹ ni, òwìwí inú ihò àpáta ni. Láti kékeré ni a ti ń rí wọn, a sì rò pé a mọ̀ wọ́n. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀kan nínú wọn fi hàn wá pé a kò tíì wò wọ́n rí.

Ìyá alákàrà

Ìyá àgbà kan ń gbé ní ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn òkè náà, kò jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń gbà lójoojúmọ́. Opó ni. Ó ti ń din àkàrà ní ojúlé rẹ̀ kí a tó bí púpọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí. Àkàrà rẹ̀ àti ẹ̀kọ gbígbóná ni ìdajì kíláàsì wa fi ń ṣínu láàárọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kùtọnú. Nígbà tí ọwọ́ wọ́n tẹ owó díẹ̀, wọ́n tún ilé ìyá wọn ṣe: wọ́n yọ fèrèsé onípákó, wọ́n fi fèrèsé onídígí tuntun rọ́pò rẹ̀. Gbogbo àdúgbò bá a yọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀. Ní kùtùkùtù, bí oòrùn bá ti yọ lórí òkè, ológoṣẹ́ kan á fò wá, á bà sí etí fèrèsé, á sì máa fi ẹnu kan dígí: kọ́, kọ́, kọ́. Á fò sẹ́yìn díẹ̀, á tún fi àyà àti èékánná kọlù ú. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, kí ó sinmi, kí ó tún padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ṣe é ní ọjọ́ kan, ó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà dá ọmọ ọdún mẹ́rin kan dùbúlẹ̀ ní ilé kejì.

Gbogbo ẹni tí a tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Ọmọ yìí kò kú. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ibà ni, wọ́n fún un ní oògùn, ara rẹ̀ sì yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ lójú ìyá àgbà. Ńṣe ni wọ́n kàn ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Àwọn ìyá kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n máa ra oúnjẹ àárọ̀ níbòmíràn. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí àtẹ àkàrà tí ó máa ń ṣófo kí agogo méje tó lù fi di èyí tí ń kún títí di ọ̀sán, tí eṣinṣin ń bà lé e.

A kò ní fi nǹkan pamọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Faransé láti kékeré títí dé yunifásítì, tí a sì ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn, àwa náà gba ẹ̀yìn ilé fún ọjọ́ méjì. A sọ fún ara wa pé ọ̀nà náà ló yá jù. Kò yá jù. Ọmọ kíláàsì wa kan ló ti ojú wa: ó dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó béèrè bóyá òótọ́ ni pé ẹyẹ máa ń jẹ́ iṣẹ́ ènìyàn, àti ohun tí ìwé sọ nípa rẹ̀. Èdè Faransé ni a ń kọ́ wọn, kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. A lè ní kí ó lọ bi olùkọ́ mìíràn. A sọ fún un pé a ó jọ lọ wò ó.

Ohun tí a rí nínú dígí

Ní ọjọ́ Sátidé, àwa àti ọmọ mẹ́fà lọ kí ìyá àgbà. Àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Omijé ni ó kọ́kọ́ fi dá wa lóhùn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "ẹyẹ yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Mo gbàdúrà. Mo sọ òkò sí i. Nígbà tó yá, mo fi aṣọ dúdú ta fèrèsé láti inú ilé kí n má baà rí i mọ́. Àtọjọ́ tí mo ti ta aṣọ náà ló ti wá le sí i."

A jáde, a lọ dúró síwájú fèrèsé náà. Ẹyẹ ni a wá wò, ara wa ni a kọ́kọ́ rí. Nínú dígí yẹn, pẹ̀lú aṣọ dúdú lẹ́yìn rẹ̀, òkè wà níbẹ̀ gbangba, igi máńgòrò wà níbẹ̀, ojú ọ̀run wà níbẹ̀, olùkọ́ kan àti ọmọ mẹ́fà sì dúró tí wọ́n ń wò wá. Jígí tí a fi ń wojú kò mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní: "Olùkọ́ wa, ẹyẹ yìí kò mọ̀ pé ara òun ni òun ń bá jà."

Ó ti sọ ọ́ tán. Ìwé tí a kà lẹ́yìn náà kàn ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ni. Nígbà tí ológoṣẹ́ bá fẹ́ yé ẹyin, á yan ibì kan, ihò ara ògiri tàbí abẹ́ páànù, á sì máa ṣọ́ àyíká rẹ̀ lọ́wọ́ ológoṣẹ́ mìíràn. Bí àlejò bá dé, onílé á dojú kọ ọ́, á na ìyẹ́, á pariwo. Lọ́pọ̀ ìgbà àlejò á sá, ìjà á sì parí láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ológoṣẹ́ inú dígí kì í sá. Bí onílé bá sún mọ́ ọn, òun náà á sún mọ́ onílé. Bí onílé bá sọ ọ́ lẹ́nu, òun náà á sọ padà lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú agbára kan náà. Ìjà tí kò lè níparí nìyẹn, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò borí. Nígbà tí àkókò ìbímọ bá kọjá, tí ara ẹyẹ bá tutù, ìjà náà á tán fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ dúdú náà yé wa. Dígí á di jígí nígbà tí ìta bá mọ́lẹ̀ tí inú sì ṣókùnkùn. Ẹ wo fèrèsé yín ní alẹ́ tí iná bá wà nínú ilé: ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ni ẹ ó rí ara yín, ẹ kò ní rí ìta. Ní àárọ̀, ọ̀ràn náà á yí padà, ẹni tí ó wà níta ni yóò rí ara rẹ̀. Aṣọ tí ìyá àgbà ta sínú ilé tún fi kún òkùnkùn ilé náà, ó sì mú kí jígí náà túbọ̀ dán fún ẹyẹ. Ohun tí ó fi ń lé ẹ̀rù ló ń bọ́ ẹ̀rù náà.

A ní kí ó ká aṣọ náà kúrò nínú ilé. Àwọn ọmọ po amọ̀, wọ́n fi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ra ojú dígí láti ìta, títí kò fi dán mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a wà níbẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ológoṣẹ́ náà dé. Ó bà sí etí fèrèsé, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dúró fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí ó wá gba gbèsè tí kò bá onígbèsè nílé, ó sì fò lọ. Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ kẹta, ó bọ̀ sí orí alùpùpù wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá jígí rẹ̀ jà. Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ. A bọ ọ̀rá lé jígí náà, ọ̀rọ̀ sì parí.

Kí ó má baà dà bíi pé òmùgọ̀ ni ológoṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a sọ pé kì í ṣe òun nìkan. Ohun ẹlẹ́mìí tí ó lè wo jígí kí ó mọ̀ pé ara òun ni òun ń wò kò pọ̀. Ọmọ ènìyàn pàápàá kì í mọ̀ ọ́n kí ó tó pé nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì fi àmì aláwọ̀ sí ọrùn àwọn ẹyẹ tí àwọn Faransé ń pè ní *pie*, níbi tí wọn kò lè rí àfi nínú jígí. Díẹ̀ nínú wọn wo jígí, wọ́n sì gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ nu àmì náà kúrò lára ara wọn. Ìròyìn ńlá ni ó jẹ́, nítorí pé ìwọ̀nba ẹyẹ ni irú èyí ti ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù: kí ló dé tí àwọn àgbà wa kò sọ nípa ẹyẹ tí ń bá dígí jà? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Pákó ni fèrèsé wọn, pákó kì í sì í fi ojú ẹyẹ han ẹyẹ. Ológoṣẹ́ kò yí ìwà padà. Ilé wa ni ó yí padà, a kò sì ronú pé ẹyẹ náà ń gbé inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, a bi kíláàsì wa léèrè: ilé mélòó ni ibà ti mú ènìyàn ní oṣù yìí? Ó ju ìdajì wọn lọ tí ó nawọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ni, ẹ̀fọn ti pọ̀. Fèrèsé mélòó ni ẹyẹ kàn? Ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ṣe ìṣirò náà. Òwe àwọn àgbà kò purọ́ nípa ọkàn ọmọ ènìyàn: bí ohun méjì bá tẹ̀ lé ara wọn, ọkàn á so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ó ka iye ìgbà tí wọn kò tẹ̀ lé ara wọn.

Akọ́lé tí ń wó ilé rẹ̀

Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ mẹ́fà di mẹ́rìnlá, a sì ń rìn láàárín òkè ní Sátidé kan lóṣooṣù. Ẹ̀ga ni a kọ́kọ́ lọ wò. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni Yorùbá ń fi wé e. Ní àkókò òjò, ara akọ rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú bí èso ìyeyè, orí rẹ̀ á dúdú, wọ́n á sì bo igi kan ṣoṣo pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtẹ́ tí ó sorọ̀, tí ẹnu ọ̀nà wọn kọjú sílẹ̀. Wọ́n á fa imọ̀ ọ̀pẹ ìtòsí ya títí ọ̀pẹ á fi dà bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó.

Ohun tí ó ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni pé ẹ̀ga kan wà tí ń tú ìtẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ hun. Fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń fà á já, ó ń jù ú sílẹ̀. Àwọn kan ní wèrè ni. Àwọn kan ní ejò ti wọ inú rẹ̀. A jókòó sábẹ́ igi náà fún àárọ̀ mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ tó yé wa. Akọ ló ń kọ́lé, abo ló ń yan ilé. Bí akọ bá hun ìtẹ́ tán, á so mọ́ abẹ́ rẹ̀, á dorí kodò, á máa gbọn ìyẹ́, á máa pe abo bí ọlọ́jà tí ń pe oníbàárà. Abo á wọlé, á fi ẹnu fa òwú ilé náà láti inú, á yẹ ẹ́ wò. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kó koríko múlọ́múlọ́ wọ inú rẹ̀, á yé ẹyin síbẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á lọ. Ilé tí ewé rẹ̀ ṣì tutù ni abo fẹ́. Bí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, tí ewé bá gbẹ tí kò sì sí ìyàwó, akọ á wó ilé náà, á sì kọ́ tuntun sí ojú ibẹ̀.

Nicholas Collias àti aya rẹ̀ Elsie, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ẹyẹ yìí, wọ́n sì kọ èyí sílẹ̀. Wọ́n tún ṣe ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ gbọ́: wọ́n tọ́ àwọn akọ ẹ̀ga kan dàgbà láìfún wọn ní ewé tútù tí wọn yóò fi ṣeré. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí dàgbà tí wọ́n sì rí ewé, wọn kò lè hun ún dáadáa bí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ó ti ń fi ewé ṣeré láti kékeré. Ìfẹ́ ilé kíkọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹnu tí kò gbìdánwò kò mọ ìhun. Ìtẹ́ wúruwùru tí ẹ̀ga kékeré hun, tí àwọn ọmọ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni.

Ẹyin rẹ̀ náà ní ìtàn. Àwọ̀ kan ni abo kọ̀ọ̀kan ń yé ní gbogbo ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ti ẹnì kan kì í ṣe ti ẹlòmíràn: òmíràn funfun, òmíràn dà bí omi òkun, òmíràn ní tótòtó. Ìdí rẹ̀ ni ẹyẹ kan tí ara rẹ̀ ń dán bí idẹ tí ó gba àwọ̀ ewé, tí àwọn Faransé ń pè ní *coucou didric*. Ẹyẹ yìí kì í kọ́lé. Inú ilé ẹ̀ga ni ó ń yọ́ yé ẹyin sí, kí ẹ̀ga bá a tọ́ ọmọ. Ẹ̀ga tí ó mọ àwọ̀ ẹyin rẹ̀ á gbé ẹyin àjèjì jù síta. Bí ẹyin àwọn ẹ̀ga bá sì ti yàtọ̀ síra tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ṣòro tó fún olè náà láti ṣe ayédèrú.

Ẹ̀ga wa ti rin ìrìn àjò tí púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa rìn. Ó ju 200 ọdún lọ tí wọ́n ti kó o láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé erékùṣù tí Haiti wà, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ẹrú ló gbé e. Kò sí *coucou didric* níbẹ̀. Nígbà tí David Lahti fi ẹyin wọn wé ti Áfíríkà, tí ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005, ó rí i pé àmì náà ti ń parẹ́: ẹyin inú ìtẹ́ kan kò jọra mọ́ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti abo kan kò sì yàtọ̀ sí ti òmíràn tó ti tẹ́lẹ̀. Níbi tí ọ̀tá kò sí, ìṣọ́ra á dínkù. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà. Madan Sara ni àwọn ará Haiti ń pè é, wọ́n sì fi orúkọ náà pe àwọn obìnrin tí ń rin ìlú dé ìlú, tí ń ra irè oko, tí ń pariwo ọjà, tí ń fi èrè bọ́ ilé wọn. Ní ilẹ̀ kan náà, orúkọ Nàgó ṣì ń jẹ́ nínú ẹ̀sìn àwọn ènìyàn. Nígbà tí a ròyìn èyí fún ìyá àgbà, ó ní: "Èmi náà, Madan Sara ni mí."

Ìdì egungun lábẹ́ àpáta

Ohun tí ó tún dẹ́rù bà wá wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, lábẹ́ àpáta kan tí ó nà síta bí òrùlé. Ọmọ kan rí ìdì kékeré dúdú mélòó kan nílẹ̀, irun àti egungun ni wọ́n lọ́ pọ̀. Ó ní oògùn ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sún sẹ́yìn. A mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, a tú ọ̀kan palẹ̀ sórí ìwé. Agbárí eku ló wà nínú rẹ̀, eyín rẹ̀ pé, pẹ̀lú eegun ẹsẹ̀ tí kò ju abẹ́rẹ́ lọ.

A gbójú sókè, a rí òwìwí méjì tí ojú wọn funfun rí bí ọkàn, tí wọ́n ń wò wá. Òwìwí kì í já ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí àṣá. Ó sábà máa ń gbé eku mì lódindi. Inú rẹ̀ kò lè lọ irun àti egungun, nítorí náà á ká wọn jọ, á sì pọ̀ wọ́n jáde láti ẹnu. Ìdì tí ọmọ náà pè ní oògùn, àjẹkù oúnjẹ alẹ́ ni. Àwọn ọmọ tú ìdì mọ́kànlá, wọ́n ka agbárí eku mẹ́rìnlélógún. Eku kan náà ni ó ń jẹ àgbàdo inú àká àti èpà àwọn òbí wọn. Ẹni tí ó bá sọ òwìwí lókò pa, eku ló ṣe lóore.

Wọ́n wá bi wá pé bí òwìwí kò bá ṣe ibi, kí ló dé tí àwọn ẹyẹ kéékèèké fi máa ń yí i ká lọ́sàn-án tí wọ́n ń pariwo lé e lórí? Ṣé àwọn náà kò mọ̀ pé àjẹ́ ni? Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé òwìwí lè pa ẹyẹ kékeré lóru. Ọdẹ tí ń yọ́ rìn ni. Bí gbogbo àdúgbò bá ti mọ ibi tí ọdẹ wà, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́, á sì lọ wá ibòmíràn. Bí adìyẹ ṣe ń kígbe nígbà tí àwòdì bá ń rá bàbà lókè náà ni.

Àwọn àdììtú mìíràn kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Lékeléke, tí àwọn ọmọdé ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀, ń tẹ̀ lé màlúù nítorí pé ẹsẹ̀ màlúù ń lé tata jáde nínú koríko. Àwòdì ń wọ inú èéfín nígbà tí a bá ń sun igbó ní ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí tata kan náà tí iná ń lé. Ológoṣẹ́ ń fi eruku gbígbẹ wẹ̀ lójú ọ̀nà kí òróró àti iná ara má baà di ìyẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Gbogbo wọn ni a ti ń rí, tí a sì ń kọjá lọ.

Ohun tí ó kù

Àwọn oníbàárà ìyá àgbà kò padà lọ́jọ́ kan. A ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé yẹn lójú gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, a sì dúró jẹ ẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́fà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ìyá ọmọ tí ibà mú rán an wá pẹ̀lú abọ́. Ìyá àgbà fi àkàrà méjì sí i lórí, kò sì sọ nǹkan kan. Ilé kan ṣì wà ní àdúgbò náà tí ó ń gba ẹ̀yìn kọjá títí di òní. A ń kí wọn, wọ́n ń dá wa lóhùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, yálà ní Ìdáàṣà, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Paris, ẹ kò nílò ohun èlò kankan. Ẹ jókòó síbi tí ẹyẹ wà. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, ojú ọjọ́ àti ohun tí ẹyẹ ṣe sínú ìwé kan. Ẹ lọ bi àwọn àgbà ní orúkọ rẹ̀ ní èdè wa kí orúkọ náà tó sọnù. Bí ohun kan bá sì dẹ́rù bà yín, ẹ dúró sí ibi tí ẹyẹ náà dúró sí, kí ẹ wo ohun tí ó ń wò.

Ní ọdún yìí, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ológoṣẹ́ tún padà sí fèrèsé ìyá àgbà. A kò mọ̀ bóyá ti àtijọ́ ni tàbí ọmọ rẹ̀, nítorí pé akọ wọn àti abo wọn kò yàtọ̀ lójú wa. Òjò ti fọ amọ̀ àná dànù. A sáré débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì tuntun. Ìyá àgbà wà ní ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá nínú amọ̀. Ó ti ra fèrèsé tán, ó ń fọ igbá.

"Ẹ jókòó," ó ní, "àkàrà wà nílẹ̀."